Wọ́n fẹ́ dáwó fún bíṣínẹ́ẹ̀sì yín: ẹ̀bùn, àsansílẹ̀, owó yíyá àbí ṣíà, èwo ni owó orí ẹ̀ fúyẹ́ jù?

Láti ìgbà tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ìbéèrè kan náà làwọn oníṣòwò Àkúrẹ́ ń bi mí ṣáá, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Arákálẹ̀ á bi mí, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì lọ́nà FUTA á bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, àwọn èèyàn fẹ́ dáwó fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n lè ra ẹ̀rọ, ṣé ìjọba máa bù nínú ẹ̀?" Ohun tí mo máa ń bi àwọn náà ni pé, kí ni ẹni tó dáwó máa gbà padà? Tí ò bá ní gba nǹkan kan, ọ̀nà ẹ̀ yàtọ̀. Tó bá máa gba ọjà, ọ̀nà ẹ̀ yàtọ̀. Tó bá máa gba owó ẹ̀ padà pẹ̀lú èlé, tàbí tó máa di ọ̀kan lára àwọn tó ni bíṣínẹ́ẹ̀sì yẹn, ìyẹn náà tún yàtọ̀ pátápátá. Orúkọ tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì tẹ́ ẹ fi gbowó ń pe ara ẹ̀ ò yí nǹkan kan padà níbẹ̀.

Mo fẹ́ fi wọ́n wé ara wọn, torí mo ti ń rí àwọn tí ẹ̀rù òfin yìí ń bà, tí wọ́n wá ń gba owó sínú àkáǹtì ọmọ, sínú àkáǹtì àbúrò, pé kí ìjọba má bàa rí i. Ìyẹn ò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ owó orí, ìwé owó tiyín gan-an ló máa dà rú, àti pé NIN ti di nọ́ńbà owó orí fún gbogbo wa báyìí.

Ẹ jẹ́ ká fi àǹtí kan ṣe àpẹẹrẹ, ká ní Ìsìnkàn ló ń gbé, pupuru ló ń ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yẹn, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe eré: á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí á fi rọ̀, á fún omi ẹ̀ dànù, á mọ ọ́n roboto roboto, á tò ó sókè ààrò kí iná àti èéfín gbẹ ẹ́, tó bá gbẹ tán wọ́n á ha èèpo dúdú ara ẹ̀ kúrò kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ó fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń fún ẹ̀gẹ́ àti èyí tó ń lọ̀ ọ́, àpapọ̀ ẹ̀ ₦1,200,000. Kò tíì ní kọ́ńpìnnì, orúkọ bíṣínẹ́ẹ̀sì lásán ló gbà lọ́dọ̀ CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ bíṣínẹ́ẹ̀sì àti kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Àwọn èèyàn ẹ̀ l'Ékòó àti lókè òkun ní àwọn ṣe tán láti ràn án lọ́wọ́.

Tó bá jẹ́ ẹ̀bùn

Èyí ló rọrùn jù nínú gbogbo ẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ lórí àtúnṣe owó orí kọ ẹ̀bùn sára àwọn nǹkan tí wọn ò ní gba owó orí lé lórí. Tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní London bá fi ₦300,000 ránṣẹ́, táwọn tí wọ́n jọ lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì dá ₦400,000, tí kò sí ẹni tó ń retí nǹkan kan padà, kò sí owó orí níbẹ̀. Ìpayà tó gba ìgboro pé gbogbo àláàtì tó bá ti wọlé ni wọ́n máa bù, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ibi tó ti máa ń lọ́ ni tí owó bá wá látọ̀dọ̀ àjọ tàbí ètò kan tó ń ran oníṣòwò lọ́wọ́. Òfin tuntun yìí dárúkọ grant, award àti owó ìdíje mọ́ owó tí wọ́n lè kà sí owó tó wọlé fún èèyàn. Ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù, tó gbé ètò bíṣínẹ́ẹ̀sì ẹ̀ síwájú àwọn adájọ́ ìdíje, tí wọ́n wá yàn án pé kó wá gba ₦500,000, kó má lọ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀bùn o, bí wọ́n tiẹ̀ yà á ní fọ́tò pẹ̀lú páálí sọ̀wédowó ńlá. Kó kọ ọ́ sọ́tọ̀, kó sì fi han oníṣirò owó.

Owó orí kọ́ ni ìṣòro ẹ̀bùn. Àwọn èèyàn wa máa ń dáwó fún aláìsàn, fún ìsìnkú, fún owó ilé ìwé, wọn kì í béèrè nǹkan kan, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́, ẹlòmíì á ní "èrè tèmi ńkọ́?" Ẹni tó bá ti béèrè bẹ́ẹ̀ ti kúrò nídìí ẹ̀bùn nìyẹn.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n sanwó ọjà sílẹ̀

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú crowdfunding (ìyẹn kí ọ̀pọ̀ èèyàn dáwó jọ fún iṣẹ́ kan) àwọn oníṣòwò kéékèèké máa ń já sí, bí wọn ò tiẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Àǹtí wa gbé e sórí status pé ẹni tó bá san ₦15,000 báyìí, tí ẹ̀rọ bá ti dé, á gba àpò pupuru kan, igba èèyàn san án, ó di ₦3,000,000. Inú gbogbo wa dùn. Àmọ́ ọjà ló tà yẹn o, owó ọjà sì ni owó tó wọlé fún bíṣínẹ́ẹ̀sì, bí wọ́n tiẹ̀ kọ "support" sára tránsífà náà ní igba ìgbà.

Kíyẹn má bà yín lẹ́rù, torí orí èrè ni wọ́n ti ń gba owó orí, wọn kì í gbà á lórí gbogbo owó tó wọlé. Fún ẹni tí kì í ṣe kọ́ńpìnnì, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún kan, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e, 15% ni. Ó di 18% lórí ₦9,000,000 tó tún kàn, ó sì ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé 25%, àmọ́ ẹni tó ń ṣe pupuru ní Ìsìnkàn kì í sábà dé ọ̀hún.

Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀. Ká ní owó ẹ̀gẹ́, owó àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, igi ìdáná, náílọ̀n, owó ọkọ̀ tó gbé ọjà kiri, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ₦1,300,000, ká sì ní kò sí owó míì tó wọlé fún un lọ́dún yẹn. Èrè tó kù jẹ́ ₦1,700,000. Ẹ yọ ₦800,000 kúrò, ó ku ₦900,000, 15% ẹ̀ jẹ́ ₦135,000. Ó ṣeé san. Tí ò bá wá ní ríṣíìtì kankan ńkọ́, tí ò lè fi hàn pé òun tiẹ̀ ra ẹ̀gẹ́, tí wọ́n wá ka gbogbo ₦3,000,000 sí èrè? 15% lórí ₦2,200,000 nìyẹn, ₦330,000. ₦195,000 ló fi lé, torí ìwé tí wọn ò kọ, owó yẹn sì tó ra ẹ̀gẹ́ tó máa kún ilẹ̀ ilé ẹ̀.

Mo mọ nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, pé àgbẹ̀ tó ń ta ẹ̀gẹ́ lọ́nà Òkìtìpupa ò ní ríṣíìtì tó máa fún yín. Òótọ́ ni. Ẹ ra ìwé ńlá tó ní ìlà, ẹ kọ ọjọ́, orúkọ ẹni tẹ́ ẹ rà á lọ́wọ́ ẹ̀, nọ́ńbà fóònù ẹ̀, iye ẹ̀gẹ́, iye owó, kó fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ̀ka, tó bá ṣeé ṣe kẹ́ ẹ fi tránsífà sanwó dípò káàṣì ìyẹn tún dáa jù, ẹ wá fi fóònù ya ojú ìwé yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà kó tó di pé omi ẹ̀gẹ́ dà sí i lára. Bẹ́ ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, nǹkan wà tẹ́ ẹ lè gbé síwájú ẹnikẹ́ni tó bá béèrè.

Ẹ̀rọ tún lọ́rọ̀ tiẹ̀. Àǹtí ti yọ ₦1,200,000 nínú owó yẹn ra ẹ̀rọ, owó tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an ò ju ₦500,000 lọ, ó wá rò pé èrè òun lọ́dún yẹn nìyẹn, pé kò tiẹ̀ dé ₦800,000. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó máa lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò ní jẹ́ kó yọ gbogbo owó ẹ̀ nínú èrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún ni. Nítorí náà owó orí ẹ̀ máa kéré sí ₦135,000 yẹn lọ́dún àkọ́kọ́, àmọ́ kò ní di òdo. Kó ti ya owó náà sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí owó àsansílẹ̀ bá pé, torí tó bá fi máa di March 31 ọdún tó tẹ̀lé e, tó yẹ kó ti kọ ìwé owó orí ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ODIRS, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí fún ìpínlẹ̀ Oǹdó, ₦500,000 yẹn á ti bá owó ilé ìwé lọ.

Tí owó bá wọlé ní December, tí pupuru ò sì jáde àfi lẹ́yìn ọdún tuntun, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀ bíi ọjà tẹ́ ẹ jẹ àwọn kọ́sítọ́mà, kí oníṣirò owó wá sọ ọdún tó máa bọ́ sí. VAT, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń fi lé ọjà, ò kàn án, torí bíṣínẹ́ẹ̀sì tí ọjà tó ń tà lọ́dún ò kọjá ₦100 mílíọ̀nù kò ní láti fi VAT lé ọjà. ₦50 tí báǹkì ń yọ lórí tránsífà tó bá tó ₦10,000, ẹni tó fowó ránṣẹ́ ló ń san án báyìí, ẹ sọ fún àwọn kọ́sítọ́mà kí wọ́n má lọ yọ ₦50 nínú ₦15,000 yín.

Ohun kan ṣì wà. Ẹ má pa ẹ̀bùn àti àsansílẹ̀ pọ̀ sójú kan. Ẹni tó fi ₦100,000 ránṣẹ́ torí ó fẹ́ràn yín, tẹ́ ẹ wá fún ní àpò pupuru ₦15,000, èwo ni ẹ̀bùn níbẹ̀, èwo ni ọjà? Àríyànjiyàn ti dé nìyẹn. Àkáǹtì kan fún ẹ̀bùn, òmíì fún ọjà, kẹ́ ẹ sì ní kí kálukú kọ ohun tí owó wà fún sára tránsífà.

Tó bá jẹ́ owó yíyá

Owó tẹ́ ẹ máa dá padà kì í ṣe owó tó wọlé, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló yá yín, ì báà jẹ́ ogójì èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èlé tẹ́ ẹ bá san lórí ẹ̀ jẹ́ ìnáwó bíṣínẹ́ẹ̀sì, ó máa dín èrè kù. Àṣìṣe tí mo máa ń rí nínú ìwé àwọn èèyàn ni pé gbogbo nǹkan tí wọ́n bá dá padà lóṣù ni wọ́n ń kọ sí ìnáwó, àti owó tí wọ́n yá gan-an àti èlé. Èlé nìkan ló tọ́. Ẹni tó yá yín lówó náà máa ro èlé tó gbà mọ́ owó tó wọlé fún un. Tó bá sì jẹ́ pé kọ́ńpìnnì lẹ ní, ẹ lè ní láti yọ 10% nínú èlé yẹn fún ìjọba kẹ́ ẹ tó san ìyókù fún un.

Àjọ yàtọ̀ sí èyí o. Tí àjọ bá kàn yín, tí ₦1,200,000 já wọlé lẹ́ẹ̀kan, owó tiyín ni àti ti àwọn tẹ́ ẹ jọ ń dá a, kò sí owó orí lórí ẹ̀, àmọ́ lójú ẹni tó ń wo àkáǹtì yín láti òkèèrè, ọjà ló máa jọ. Ẹ tọ́jú káàdì àjọ yín.

Tó bá jẹ́ ṣíà

Lójú owó orí, owó tí ẹnì kan fi ra ìpín nínú kọ́ńpìnnì yín kì í ṣe èrè, owó ìdókòwò ni, wọn ò ní bù ú. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń pín èrè fún wọn ni 10% á kúrò nínú ẹ̀ fún ìjọba. Ó dùn létí, àmọ́ òfin tó yí i ká pọ̀ ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Òfin crowdfunding tí SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdókòwò, gbé jáde ní 2021 sọ pé kọ́ńpìnnì tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ló lè gbowó bẹ́ẹ̀, kó sì ti ṣiṣẹ́ tó ọdún 2 ó kéré tán, àfi tó bá ní alábàáṣe tó lágbára lẹ́yìn. Orí pẹpẹ tí SEC fún ní ìwé àṣẹ nìkan ló ti lè gbà á. Láàárín oṣù 12, èyí tó kéré jù nínú àwọn kọ́ńpìnnì yẹn ò lè gbà ju ₦50 mílíọ̀nù lọ, èyí tó tẹ̀lé e ₦70 mílíọ̀nù, èyí tó tóbi díẹ̀ ₦100 mílíọ̀nù. Mẹ̀kúnnù tó fẹ́ dáwó náà ò gbọ́dọ̀ fi ju 10% owó tó ń wọlé fún un lọ́dún sí i.

Àǹtí wa tó ní orúkọ bíṣínẹ́ẹ̀sì nìkan ò tíì lè wọ ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé e sórí status pé "mú ₦100,000 wá, kó o gba ₦130,000 lẹ́yìn oṣù mélòó kan", ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ owó orí. Tó bá wá di pé owó ẹni tuntun lẹ fi ń san ti ẹni àtijọ́, òfin ìdókòwò tí wọ́n buwọ́ lù ní 2025 ní ìtanràn tí ò kéré sí ₦20 mílíọ̀nù fún un, ẹ̀wọ̀n ẹ̀ sì lè tó ọdún 10. Àwọn èèyàn ti padánù owó ní ìlú yìí tó bẹ́ẹ̀ tí n ò lè fẹnu kékeré sọ ọ́.

Orúkọ bíṣínẹ́ẹ̀sì àbí Limited?

Ìfiwéra yìí ló ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Ẹ rántí ₦135,000 yẹn. Ká ní kọ́ńpìnnì Limited ni àǹtí, pẹ̀lú àsansílẹ̀ kan náà, èrè kan náà, owó orí kọ́ńpìnnì ẹ̀ á jẹ́ òdo, torí ìgbìmọ̀ àtúnṣe yẹn ní kọ́ńpìnnì kékeré tí ọjà ẹ̀ lọ́dún ò kọjá ₦100 mílíọ̀nù, tí dúkìá ẹ̀ ò sì kọjá ₦250 mílíọ̀nù, 0% ló máa san. Owó ìdàgbàsókè 4% táwọn kọ́ńpìnnì ńlá ń san náà ò kàn án. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ bíi lọ́yà àti oníṣirò owó ò sí lára àwọn tó ń jẹ àǹfààní yìí, àmọ́ oníbúrẹ́dì àti oní-pupuru wà níbẹ̀.

Ṣé kí gbogbo wa wá sáré lọ gba Limited ni? Ẹ fara balẹ̀. Owó kọ́ńpìnnì kì í ṣe owó yín mọ́. Tẹ́ ẹ bá gba owó oṣù níbẹ̀, owó orí ti ara yín wà lórí ẹ̀ tó bá kọjá ₦800,000 lọ́dún. Tẹ́ ẹ bá pín èrè, 10% lọ. Ẹ ò lè ṣí dúrọ́ọ̀ kẹ́ ẹ fi ra aṣọ ẹbí. Lọ́dọọdún CAC fẹ́ ìwé, NRS, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀ tó gba ipò FIRS, náà fẹ́ ìwé láàárín oṣù 6 lẹ́yìn tí ọdún owó yín bá parí, bí owó orí yín tiẹ̀ jẹ́ òdo. Ẹni tí ò bá kó ìwé owó orí wá lásìkò, ₦100,000 ni ìtanràn oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 lóṣooṣù lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ fi ìyẹn wé ₦135,000 tẹ́ ẹ ń sá fún. Ní tèmi o, ẹni tí èrè ẹ̀ ò tíì tó mílíọ̀nù mẹ́ta lọ́dún, tí ò sì lẹ́ni tó ń bá a tọ́jú ìwé, kó dúró sórí orúkọ bíṣínẹ́ẹ̀sì ẹ̀ ná.

Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ní Amẹ́ríkà ló ń bá yín gbà á

GoFundMe, wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí wọ́n fi ń dáwó lókè òkun, kì í sanwó sí báǹkì Nàìjíríà, Kickstarter náà ò gba ẹni tó wà ní Nàìjíríà láti gbé iṣẹ́ ẹ̀ síbẹ̀, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi máa ń ní kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lókè òkun bá àwọn ṣí i. Ẹ rò ó ti ẹni yẹn náà. Lọ́dọ̀ IRS, àwọn tó ń gba owó orí ní Amẹ́ríkà, ìlànà wọn ò jìnnà sí tiwa: tí ẹni tó dáwó ò bá gba nǹkan kan padà, ẹ̀bùn ni, tó bá gba ọjà, owó ọjà ni. Pẹpẹ tó gbowó ọjà lè fi fọ́ọ̀mù 1099-K ránṣẹ́ sí IRS tí owó bá kọjá $20,000 tí iye ìgbà tí wọ́n sanwó sì kọjá 200. Pé fọ́ọ̀mù ò dé ò sọ pé owó orí ò sí, pé ó dé náà ò sì sọ pé gbogbo ẹ̀ ni èrè.

GoFundMe máa yọ 2.9% àti sẹ́ńtì 30 lórí ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ gbangba sójú ewé náà pé owó ń bọ̀ wá sí Àkúrẹ́, pé fún bíṣínẹ́ẹ̀sì àbúrò òun ni, kó sì tọ́jú ìwé gbogbo owó tó fi ránṣẹ́, torí orúkọ tiẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kó fi ránṣẹ́ láti àkáǹtì báǹkì ẹ̀, torí láti January 2026, Amẹ́ríkà ń gba 1% lórí owó tí èèyàn bá fi káàṣì lọ san kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sókè òkun, ti àkáǹtì ò sí níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí mo máa fún àǹtí wa

Kó má gba igba àsansílẹ̀. Ẹ̀rọ tí ò tíì dé, tí ò tíì mọ bó ṣe ń ṣe sí lọ́jọ́ tí iná bá lọ, kó wá jẹ igba èèyàn ní pupuru? Kó gba ẹ̀bùn ₦700,000 tó wà nílẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, kò sí owó orí níbẹ̀. ₦500,000 tó kù, kó yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kò sí owó orí níbẹ̀ náà, èlé ẹ̀ á sì dín èrè kù. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́ ni kó gba àsansílẹ̀ ogójì àpò, ₦600,000, fi ra ẹ̀gẹ́. Ìyẹn nìkan ò lè gbé èrè ẹ̀ dé ₦800,000, àmọ́ kó ro ó mọ́ èrè pupuru tó ti ń tà tẹ́lẹ̀ ní Ọjà Ọba kó tó mọ ibi tó máa já sí. Tó bá jẹ́ pé ó ń sanwó ilé tó ń gbé, 20% owó ilé yẹn, tí ò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ, ṣì máa kúrò nínú owó tí wọ́n máa ṣírò lé lórí, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí béèrè fún ìyẹn, kó mú ríṣíìtì lánlọ́ọ̀dù dání.

Tó bá fi máa di ọdún kejì tàbí ìkẹta, tí àwọn ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó bá ti ń pè é pé kó gbé ọjà wá, tí ìwé ẹ̀ sì pé, ìgbà yẹn ni ká jókòó sọ̀rọ̀ Limited àti ṣíà.